Ẹ Má Dúró De Oṣù Keje: Bí A Ṣe Ń Gbádùn Ìta ní London Láàárín Òtútù àti Ooru

Ìparí oṣù Kẹta ni màámá mi dé sí London láti wá bá wa wẹ ọmọ tuntun. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà wọn wà fún ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọjá lọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ fún wọn pé, "Ẹ fara balẹ̀, Màámá, tí ooru bá dé, ẹ máa jáde dáadáa." Èmi náà ń sọ ọ́. Ọjọ́ kan ni mo wá ṣírò rẹ̀, ara mi sì bù máṣọ. Oṣù Keje là ń dá fún wọn, bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje wọ́n á ti padà sí Ìbàdàn. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe ti òtútù, tí kì í sì í ṣe ti ooru, yìí ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí èèyàn ṣe ń lò wọ́n. Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní ìlú yìí kó tó dìgbà yẹn, ṣùgbọ́n bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀nà Peckham tí mo ti ń ra iṣu ni mo mọ̀. Mo kọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti fún ẹni tí òbí rẹ̀ wá kí i, tó ń rò pé ó dìgbà tí oòrùn bá mú janjan kí ẹsẹ̀ tó kan koríko.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú oòrùn tí à ń bá lò. Ẹ ó wo ìta láti inú ilé ní oṣù Kẹrin, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ìmọ́lẹ̀ á tàn sí ara ògiri. Ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn á gbá yín létí. Ní ìparí oṣù Kẹrin, oòrùn ti ga lójú ọ̀run tó bó ṣe ń ga ní àárín oṣù Kẹjọ. Ilẹ̀ àti òkun ni kò tíì yá. Òkun tó yí erékùṣù yìí ká máa ń pẹ́ kó tó gbóná, atẹ́gùn tó bá sì gba orí rẹ̀ kọjá á ru òtútù rẹ̀ wá bá wa. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń yá níbi tí oòrùn bá ti ń ta sí, tí ẹ bá sì sún sábẹ́ igi, ó di ọyẹ́. Ní London, ọ̀sán oṣù Kẹrin máa ń tó nǹkan bíi dígíríì 15, ti oṣù Karùn-ún a máa tó 18. Òru oṣù Kẹrin lè já wá sí 5 tàbí 6. Ẹni tó dàgbà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn kò ṣàjèjì sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: àárọ̀ ọyẹ́ tí wọ́n ń yáná, tí ọ̀sán á dé tí wọ́n á máa wá ibòòji. Ọgbọ́n tí a fi ń gbé inú ọyẹ́ náà la ó lò, àfi pé tibí ní òjò nínú.

Àkọ́kọ́: Ẹ wá wákàtí mẹ́ta, ẹ má wá odindi ọjọ́

Tí ẹ bá ń retí ọjọ́ tí oòrùn á ràn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ó pẹ́ nílé. Ní àsìkò yìí, òjò lè rọ̀ ní aago 9 àárọ̀, kí ojú ọjọ́ là ní aago 11, kí yìnyín wẹ́wẹ́ sì tún já ní aago 4. Wákàtí mẹ́ta tí kò lójò nínú là ń wá. Ẹ ṣí ìròyìn ojú ọjọ́ Met Office lórí fóònù, kí ẹ wo ti wákàtí sí wákàtí. Ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo tí wọ́n yà fún odindi ọjọ́ ṣèpinnu, nítorí ọ̀wààrà ìṣẹ́jú 20 péré lè mú kí wọ́n ya òjò síbẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń wò. Èkíní ni bó ṣe ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ tó: tí kò bá ju 30 nínú 100 lọ, mò ń jáde. Èkejì ni agbára atẹ́gùn: tó bá ti lé ní máìlì 20 ní wákàtí kan, inú igbó ni mò ń forí lé, mi ò ní gun òkè. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà kékeré tó ń sọ bí òtútù náà ṣe máa rí lára. Òun ni kí ẹ fi yan aṣọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè. Ẹ wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún un wò láàárọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ má torí rẹ̀ pe àlejò.

Ní oṣù Kẹrin, láti aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán ló tù mí lára jù. Ìrì á ti dínkù lórí koríko, òtútù ìrọ̀lẹ́ kò sì ní tíì dé. Tó bá di oṣù Karùn-ún, ẹ lè jókòó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì: Aṣọ mẹ́ta, kí wọ́n léra

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo mú Màámá jáde, kóòtù ńlá ìgbà òtútù tó gùn dé orúnkún ni mo wọ̀ fún wọn. A ò tíì rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú oòrùn tí òógùn fi bò wọ́n. Wọ́n bọ́ kóòtù. Ìkùukùu bo oòrùn, òógùn náà tutù mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A padà sílé, wọ́n ní àwọn ò bá mi jáde mọ́, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Aṣọ kan ṣoṣo tó nípọn kò bá àsìkò yìí mu, torí kò sí ohun tí ẹ lè fi ṣe ju kí ẹ wọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ bọ́ ọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ro ti èyí tó máa kan ara. Òwú dára nílé wa, ṣùgbọ́n tó bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ, ọ̀rinrin rẹ̀ náà ló sì ń mú òtútù wọra. Ẹ wá ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń wọ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Lórí rẹ̀, kí súẹ́tà wà tí síìpù rẹ̀ ṣí láti òkè délẹ̀, kí ẹ lè ṣí i láìbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tó ní ìborí, tí òjò àti atẹ́gùn kò lè gbà kọjá, tó sì ṣeé ká sínú báàgì. Kò dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ní ṣọ́ọ̀bù bọ́síkọ̀rọ̀ ní gbogbo òpópónà ìlú yìí, ibẹ̀ ni mo ti ra ti Màámá, ó sì dára títí di òní.

Màámá ní ìró àti bùbá làwọn máa wọ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Sòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra wà lábẹ́ ìró, súẹ́tà wà lábẹ́ bùbá, jákẹ́ẹ̀tì wá lé e. Atẹ́gùn kò jẹ́ kí gèlè dúró, nítorí náà fìlà onírun ni wọ́n dé, wọ́n sì fi ìborùn wé ọrùn. Ìborùn yẹn ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó yá wé, ó yá tú, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti fi bá oòrùn tó ń lọ tó ń bọ̀ ṣe.

Ní ti bàtà, ilẹ̀ ò tíì gbẹ, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ koríko. Sálúbàtà àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán á yọ̀ lọ́nà. Ẹ wọ èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, kí ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan sínú báàgì. Ẹsẹ̀ tó bá rin ló ń lé èèyàn padà sílé kíákíá.

Tí ara yín bá ti móoru dáadáa lẹ́nu ọ̀nà ilé, aṣọ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí òtútù kàn yín díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ìrìn á lé e lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ jókòó, ẹ ti wọ súẹ́tà padà kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀. Àwọn àgbà ìlú yìí ní òwe kan tó ní kí èèyàn má bọ́ aṣọ òtútù kankan sílẹ̀ títí tí "May" á fi jáde tán. Àwọn kan ní oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń sọ, àwọn míì ní òdòdó funfun igi ẹlẹ́gùn-ún kan báyìí ni, èyí tí òun náà ń jẹ́ may. Èyí ó wù kó jẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ pé òun tẹ̀ lé e.

Ìkẹta: Ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Páàkì tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe ibi tí a ti ń wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Pápá ìgbafẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣòro kí ẹ gbé àdúgbò kan ní London tí ọ̀kan ò ní sí nítòsí yín. Ẹ má tíì ronú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ lọ síbi tó jẹ́ pé tí òjò bá ṣú, ẹ ó délé kó tó dà.

Tiwa ni Burgess Park, lẹ́bàá Peckham. Ilé, ilé iṣẹ́ àti odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ akẹ́rù ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di pápá, ìdí nìyẹn tí afárá kan fi dúró láàárín koríko tí kò sí omi kankan lábẹ́ rẹ̀. Màámá wo afárá yẹn títí. Wọ́n bi mí léèrè bóyá odò náà gbẹ ni, mo sì ní láti wá ìtàn rẹ̀ kí n tó lè dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé, "Ṣé a ò ní lọ kí afárá wa lónìí?"

Ogún ìṣẹ́jú ni ọjọ́ kejì, ogójì ni ọjọ́ kẹta. Ẹ má sáré. Ohun tó dùn jù nínú àsìkò yìí ni pé ibì kan náà kì í rí bákan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ yan igi kan kí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò. Igi horse chestnut ni Màámá yàn. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ẹnu ẹ̀ka rẹ̀ wú, ó ń dán bí ẹni fi oyin pa á. Ìgbà tó yá, ewé yọ, wọ́n ká kò, wọ́n wá ń là bí ọwọ́ ọmọ tuntun tó ń jí. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, òdòdó funfun ti nàró lórí rẹ̀ bí àbẹ́là. Ẹni tó bá dúró de oṣù Keje, igi tútù lásán ló máa bá.

Ẹ mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá tí àgbàlagbà tàbí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, nítorí òtútù máa ń mú kí èèyàn tètè fẹ́ tọ̀, àwọn míì nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ̀nyí sì ń tètè tì. Ìjókòó páàkì máa ń tutù, ó sì máa ń rin lábẹ́lẹ̀ bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ gbẹ. Ọ̀rá ìtajà kan tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú táwẹ̀lì kékeré lórí rẹ̀, á jẹ́ kí ẹ lè jókòó fún odindi wákàtí kan.

Àwọn ajá tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú páàkì máa ń já ọ̀pọ̀ nínú wa láyà. Ẹ má sáré, ẹ má pariwo. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ kó oúnjẹ kúrò nílẹ̀, kí ẹ sọ fún olówó rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ọ̀pọ̀ wọn á pè é padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkẹrin: Ohun tó gbóná láti jẹ

Búrẹ́dì tútù pẹ̀lú omi tútù ní dígíríì 13 kò lè mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Ẹ gbé kúlà. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú rẹ̀, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣì ń rú èéfín sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún fíláàsì tíì. Ìgbésẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, tí wọ́n á wá máa sọ pé kúlà wọn kò dára. Ìrẹsì tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí púpọ̀ máa ń dá inú rú, nítorí náà ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná, èyí tó bá sì kù, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Mọ́ínmọ́ín ló bá ìrìn mu jù lójú tèmi: kì í dà, kì í kán, ó dùn ní gbígbóná, ó sì dùn tó bá tutù. Dòdò máa ń rọ̀ jẹ̀jẹ̀ nínú kúlà, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Ẹ̀pà sísun àti ṣin-ṣín wà fún àpò àwọn ọmọ. Màámá máa ń gún ata ilẹ̀, wọ́n á dà á sínú omi gbígbóná pẹ̀lú oyin díẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè jókòó sẹ́bàá adágún omi ní ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ti sá lọ.

Ní ti àsun àti súyà, mo mọ̀ pé ọkàn yín á ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ka iná dídá àti ẹran sísun léèwọ̀ nínú àwọn páàkì ọba bíi Richmond Park, àti ní igbó Epping Forest. Nínú àwọn páàkì yòókù, ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sun ún nílé, kí ẹ wé e sínú fóìlì, kí ẹ gbé e dání.

Ìkarùn-ún: Ẹ wá lọ sí ibi tó jìn díẹ̀

Lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítòsí ilé, ẹsẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n. Ibi mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Epping Forest ni mo fẹ́ràn jù. Láti Liverpool Street, ọkọ̀ Overground á gbé yín dé Chingford láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ibùdókọ̀ náà kò sì jìn sí igbó. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1878 ló dá igbó yìí sí fún aráàlú, kí àwọn onílẹ̀ má bàa gé e ṣẹ́kù, Ọbabìnrin Victoria sì wá síbẹ̀ ní 1882. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa igbó run nílé wa á mọyì òfin náà. Ọ̀nà tó yí adágún Connaught Water ká tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gba ibẹ̀, arúgbó náà á sì rìn ín. Ní àárín oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ẹ wá òdòdó bluebell lọ sí Wanstead Park, ní ìhà gúúsù igbó kan náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé wọ́n tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́lùú sábẹ́ igi. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí láti ya fọ́tò. Tí èèyàn bá tẹ ewé bluebell mọ́lẹ̀, kò ní lè fi oúnjẹ pamọ́ sí gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Òfin 1981 sì ka híhú u láìgba àṣẹ onílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Richmond Park fẹ̀ tó éékà 2,500, àgbọ̀nrín bí 630 sì ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀. Ọgbà kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Isabella Plantation, ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni òdòdó azalea ibẹ̀ máa ń pọ́n, tí òjìji rẹ̀ á sì bọ́ sínú omi. Ẹ fi ó kéré tán mítà 50 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti àgbọ̀nrín. Láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń bímọ, ìyá á gbé ọmọ pamọ́ sínú koríko, á lọ jẹko. Tí ẹ bá rí ọmọ àgbọ̀nrín tó dá dùbúlẹ̀, kò sọnù. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kọjá lọ.

Box Hill wà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ gbé e. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti Victoria tàbí Waterloo sí ibùdókọ̀ Box Hill & Westhumble. Òkè náà ga ní mítà 224, ẹfun ni ilẹ̀ rẹ̀, ẹfun tó bá sì rin ń yọ̀ bí ilá. Òkúta ìtẹ̀kọjá wà lórí odò Mole nísàlẹ̀. Tí omi bá ti bo òkúta lẹ́yìn òjò, afárá wà nítòsí, òun ni kí ẹ gbà. A kò mú Màámá débẹ̀, èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ.

Ọjọ́ ìsinmi wà ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ àti Mọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún. Àwọn ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fẹ́ràn láti fi tún ojú irin ṣe, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó jáde. Tí ìdílé bá pọ̀, káàdì Family & Friends ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àgbà, ó sì ń yọ 60 nínú 100 kúrò nínú ti ọmọdé. Nínú London, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì.

Ìkẹfà: Ohun tó lè bá ara

Hay fever ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mú àwa tí a wá láti òkèèrè. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ lè kọjá láìsí nǹkan, títí di ọjọ́ tí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín, tí imú á máa ṣomi, tí ẹ ó rò pé òtútù ni. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tí atẹ́gùn ń gbé kiri ló ń fà á: ti igi láti ìparí oṣù Kẹta sí àárín oṣù Karùn-ún, ti koríko láti ìgbà náà lọ. Ẹ fi Vaseline díẹ̀ sí etí ihò imú, ẹ wọ jígí, ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ sì fọ irun tí ẹ bá délé. Irun dídì àti wíìgì náà ń kó o sórí ìrọ̀rí. Ẹ béèrè oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn, kò pọn dandan kí ẹ rí dókítà.

Eégbọn wà nínú koríko gíga àti nínú igbó. Ẹ ki ẹnu sòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, abẹ́ ikùn àti orí àwọn ọmọ wò. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi tweezer ẹlẹ́nu tín-ín-rín mú un súnmọ́ awọ ara, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má fún ikùn rẹ̀, ẹ má fi iná jó o. Àrùn Lyme tí àwọn kan nínú wọn ń gbé kiri máa ń mú kí ara ṣàmì róbótó tó ń fẹ̀ sí i. Lára aláwọ̀ dúdú, àmì náà kì í hàn pupa bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé, ó lè dà bí ojú ibi tó gbọgbẹ́ sínú. Tí ẹ bá rí i, tàbí tí ibà mú yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ wọ igbó.

Èsìsì ìlú yìí ń jẹ́ nettle, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló sì fẹ́ràn jù. Màámá rí i, wọ́n mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n fa ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Omi adágún, odò àti òkun ṣì tutù gan-an ní oṣù Karùn-ún, bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ lójijì, èémí rẹ̀ lè gé, bó ti wù kó mọ̀wẹ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá já sí i, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó jẹ́ kí omi gbé e títí èémí rẹ̀ á fi padà, kí ẹni tó wà lókè pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Láti ìparí oṣù Kẹta ni oòrùn ibí ti lágbára tó láti mú kí ara ṣe fítámì D, ṣùgbọ́n àwa aláwọ̀ dúdú lè má rí èyí tó tó nínú rẹ̀. Ohun tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní kí irú wa ro ni kí á máa lo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, yípo ọdún. Ẹ máa jáde, kí ẹ sì máa lò ó.

Ìkeje: Ẹ má gbàgbé ìrọ̀lẹ́

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n máa ń sún aago síwájú: aago 1 òru á di aago 2. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ á máa gùn. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ kó tó di aago 4. Ní àárín oṣù Kẹrin, ó ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 8, ní ìparí oṣù Karùn-ún ó di aago 9. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun náà á rí i pé Màgáríbì ń sún síwájú ní bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lójoojúmọ́. Tí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ ní aago 5, ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdó méjì ṣáájú tiyín, kí ẹ gba inú páàkì wọlé. Láàárín wákàtí kan tí ẹ kọ́kọ́ fi káàdì kan ẹ̀rọ inú bọ́ọ̀sì, owó bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà, nítorí náà tí ó bá rẹ̀ yín lọ́nà, ẹ wọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kìkì pé tí oòrùn bá ti wọ̀, òtútù kì í dúró gba àṣẹ. Kí jákẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì.

Tí ẹ bá délé, ẹ kó ìwé ìròyìn sínú bàtà tó rin, kó mu omi rẹ̀ mọ́jú. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ amúlémóoru, awọ rẹ̀ á sán. Ẹ fọ fíláàsì, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ míì rọ́pò èyí tí ẹ lò. Ẹ wá gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí ìdajì wákàtí tí ẹ bá fi ń wá nǹkan kiri ilé ni oòrùn ń bá lọ.

Tiwa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí: ọ̀rá méjì, táwẹ̀lì, kúlà, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, jákẹ́ẹ̀tì mi, àti ìborùn Màámá tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní kí n má fi ránṣẹ́. Wọ́n ń bọ̀ ní oṣù Kẹrin.